Ojú Alága Lórí Ojú Mùrí

Ní ìlú Ìwó, láyé ìgbà tí kòkó ń mówó wọlé, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti ta tirẹ̀ dáadáa sì ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere kiri kí àwọn ọmọge lè gbọ́ aago rẹ̀, ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kì í sú u. Fátókun lorúkọ rẹ̀. Òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Ọjà Ìta-Ọ̀pọ́n. Bí ẹ bá pè é ní Fátókun lásán, kò ní dáhùn. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di, etí rẹ̀ ń dúró de ìyókù ni. Ìyókù náà ni: “Ọlọ́lá Alága, Baba Ọjà, Ọmọ Onílẹ̀ Tí Í Tẹ Ilẹ̀ Jẹ́jẹ́.” Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó dé orí iyọ̀.

Kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ alága ọjà? Kó pín ìsọ̀, kó parí ìjà òṣùwọ̀n, kó rí i pé wọ́n gbálẹ̀ bí ọjà bá tú. Iṣẹ́ tí abiyamọ kan lè ṣe tán kó tó dáná ọ̀sán ni. Ṣùgbọ́n Fátókun sọ ọ́ di ìjọba. Ó ra agbòòrùn pupa ńlá kan. Bó bá ń lọ sílé lọ jẹun, á ṣí i sórí àga nínú ọ́fíìsì, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá gbọ́dọ̀ kí i. Àwọn obìnrin á kúnlẹ̀ fún agbòòrùn, wọ́n á ní, “Ẹ kú ìjókòó o.” Àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Rájí alápatà kọjá gbuurugbu, ó ní òun ò rí èèyàn níbẹ̀. Alága gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹni tó bá rí agbòòrùn fín ti rí ẹni tí agbòòrùn ń ṣíji bò fín.

Ẹni tó ń bá a tún ayé náà ṣe ni Èṣùbíyìí, akéde rẹ̀, sọ́jà tó ti ogun Hítílà bọ̀. Bí Alága bá húkọ́, Èṣùbíyìí á húkọ́, kí ikọ́ ọ̀gá má baà dá nìkan wà. Bí Alága bá ṣẹ̀fẹ̀ tí kò dùn, Èṣùbíyìí á rẹ́rìn-ín títí á fi di ògiri mú. Ògiri náà ti dán níbi tó máa ń dì mú.

Pẹ̀lú gbogbo ògo yìí, ẹ̀gún kan wà lẹ́sẹ̀ Alága. Mùrí aláṣọ lẹ̀gún náà.

Mùrí ló wà lórí àga kí Fátókun tó dé ibẹ̀. Kì í pariwo. Nígbà tirẹ̀ ni wọ́n fi páànù bo ìsọ̀ àwọn aláta, tí òjò kò fi pa ata mọ́. Inú àwọn obìnrin dùn, wọ́n bọ́ ẹ̀gbà fàdákà ọwọ́ wọn, wọ́n kó o fún Ṣàfíù alágbẹ̀dẹ fàdákà, ó sì fi rọ mẹ́dàlì kéékèèké fún wọn, tó ní ojú Mùrí lára: abetí-ajá lórí, imú ràgàjì, pélé òòró mẹ́ta tó jinlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n so ó mọ́ okùn, wọ́n fi kọ́ ọrùn.

Pélé yẹn ni Fátókun fi yọ ọ́. Ilé bàbá Mùrí wà ní Kuta, wọ́n sì kọ ilà ilé bàbá rẹ̀ fún un. Ni Fátókun bá dìde láàárín ọjà, ó fọwọ́ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ níbi tí àbàjà ìbú mẹ́ta ti agboolé tirẹ̀ wà, ó ní, “Ẹ wò mí! Ẹ wá wo òun náà! Ṣé ẹni tó kọ ilà Kuta ni yóò máa pín ìsọ̀ fún ọmọ Ìwó?” Kuta tí àgbàlagbà lè fẹsẹ̀ rìn dé kí oòrùn tó mú! Kuta tí ìyá Fátókun ti ń ra iṣu tó fi wò ó dàgbà! Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ àlàáfíà, wọ́n sì fi àlàáfíà ṣòfin: ẹnikẹ́ni tó bá ní ilà Kuta lẹ́rẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ alága ọjà náà láéláé. Mùrí ká ẹní rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ.

Òfin dùn mọ́ Alága, ó fẹ́ kó máa bí sí i. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pín òjìji. Ẹni tó bá kọ ilà Ìwó á jókòó lábẹ́ igi, ẹni tó bá kọ tibòmíràn á jókòó sínú oòrùn, ẹni tí kò kọ rárá á lọ sẹ́bàá kòtò. Agnes oníbúrẹ́dì, ìyàwó tíṣà, lojú tirẹ̀ mọ́ lóló.

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. “Alága, búrẹ́dì ni mò ń tà. N kì í ta ojú.”

“Ojú òfìfo,” ni Alága dá a lóhùn, “kòtò ló tọ́ sí i.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀san kì í pẹ́. Obìnrin tó bá kúnlẹ̀ kí Alága, mẹ́dàlì á yọ látọrùn rẹ̀ wá síwájú. Ẹni tó ń kí i wolẹ̀, Mùrí sì ń wo Alága lójú kòró. Aláta kúnlẹ̀, Mùrí. Eléélùbọ́ kúnlẹ̀, Mùrí. Fàsílátù ìyàwó Alága gan-an, tí òun náà ní ìsọ̀ lọ́jà, kúnlẹ̀ gbé omi fún un nílé lówùúrọ̀, Mùrí dé. Omi sá pá a lórí.

Ọjọ́ ìtòsẹ́yìn sì ti ń bọ̀. Àṣà ọjà náà ni pé, bí ọdún mẹ́ta bá pé, àwọn ọlọ́jà á tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Òfin ti ká Mùrí lọ́wọ́ kò, Fátókun nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan ṣoṣo bá jáde tí ìdajì ọjà kò tò sẹ́yìn rẹ̀, àga á ṣófo. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn Alága balẹ̀. Báwo ni obìnrin tó gbé Mùrí kọ́rùn ṣe máa tò sẹ́yìn Fátókun?

Èṣùbíyìí ló rí ọ̀nà àbáyọ, kì í ṣe pé ó ń wá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wólẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. “Ọlọ́lá Alága, Baba Ọjà, Ọmọ Onílẹ̀ Tí Í Tẹ Ilẹ̀ Jẹ́jẹ́, ẹ wo ohun tí mo rí nísàlẹ̀ àpótí mi.” Ó ṣí ọwọ́. Owó fàdákà kékeré kan ni, etí rẹ̀ rí págunpàgun, ọba onírùngbọ̀n kan wà lára rẹ̀.

“Òyìnbó ọ̀gágun wa ló fún mi ní Bàgídádì. Owó àtijọ́ ló máa ń ṣà jọ. Ó ní owó Pátíà ni, lápá Páṣíà lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó bí Ànábì wa. Ọba méjì ni wọ́n, ọmọ bàbá kan náà, Òródì àti Mitirádétì. Wọ́n ń du ìtẹ́. Òródì ti rọ owó, ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ni Mitirádétì bá gbàlú. Kò tiẹ̀ yọ́ owó náà. Ó gbé e lé irin, ó gbé òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e lórí, ó fi òòlù bò ó: gbàù! Ojú tirẹ̀ bo ojú àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Alága dìde díẹ̀ lórí àga. “Gbàù?”

“Gbàù ni, sà.”

“Kò sì yọ́ ọ?”

“Kò yọ́ ọ, sà. Àmọ́ ẹ wo ibí yìí. Ẹ rí imú kékeré tó yọ láàárín irùngbọ̀n ọba? Imú Òródì ni. Òyìnbó ní ẹni tí wọ́n bá lù mọ́lẹ̀ báyẹn kì í lọ tán. Nígbà tó sì yá, Òródì padà wá, ó mú Mitirádétì, ó ní kí wọ́n...”

“Ó tó!” ni Alága wí. “Ìtàn tó dùn kì í gùn.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí ti rí imú náà. Èṣùbíyìí rí i. Àní eṣinṣin tó bà lórí owó náà, orí imú yẹn ló bà sí. Alága kò rí i, adé ló ń wò.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn obìnrin jọ. Ó dì láwàní tó ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

“Ẹ̀yin obìnrin tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ,” ó bẹ̀rẹ̀, “àti ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi mí ta lọ́rẹ! Mo wo ọrùn yín, mo rí ìdọ̀tí. Mo wo fàdákà yín, ó ti dípẹtà. Láti ọjọ́ náà oorun kò kùn mí mọ́. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.” (Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ti gbé òkèlè iyán tó kẹ́yìn mì ni Fàsílátù gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ti fẹ́ máa họ àwo jẹ.) “Nítorí náà mo pàṣẹ Ìwẹ̀nùmọ́ Ńlá ti Fàdákà! Ẹ kó mẹ́dàlì yín wá. Yóò padà sọ́rùn yín ní ọjọ́ ìtòsẹ́yìn, yóò máa tàn bí ojú ẹni tó fẹ́ràn yín jù lọ láyé!”

Hàbíbátù, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn aláta, kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Alága, ẹ̀mí yín á gùn. Ṣé fàdákà ló dọ̀tí ni, àbí Mùrí?”

“Ìyá, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

“Òótọ́ ni, sà. Ẹ ò dárúkọ ẹ. Ẹ kàn tẹjú mọ́ ọn ni.”

Èṣùbíyìí húkọ́ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Alága fi kún un pé obìnrin tí kò bá kó mẹ́dàlì wá yóò lọ bá Agnes lẹ́bàá kòtò. Wọ́n kó o wá.

Ṣàfíù alágbẹ̀dẹ ní kí òun yọ́ wọn. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àwọn ọba kì í yọ́. Àwọn ọba ń lù ni.” Ṣàfíù kò bá ọba jiyàn, oníbàárà tó bá sanwó kì í ṣìnà lójú rẹ̀. Ó gbé irin tí yóò gbẹ́ òǹtẹ̀ sí, Alága sì jókòó kó máa wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ojú òun.

“Jẹ́ kí láwàní ga sí i.”

“Ó ti ga, sà. Kò sáyè mọ́.”

“Nígbà náà, dín iwájú orí mi kù. Imú mi ńkọ́? Mú un wá sílẹ̀. Ọrùn mi, fà á. Ilà mi, gbẹ́ àbàjà mi kó jìn, kí afọ́jú fọwọ́ kàn án kó mọ̀ pé ọmọ Ìwó nìyí!”

Ṣàfíù kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ náà lu fàdákà tuntun kan tí kò ní nǹkan kan lára. Ó mọ́ rekete. Alága gbà á, ó gbé e sóòkè, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Sùbúháná! Ẹ wo arẹwà.” Ó sì fi ẹnu ko ara rẹ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí ni Ṣàfíù wá dojú kọ mẹ́dàlì àwọn obìnrin. Gbàù. Ó wo àkọ́kọ́. Ó nù ún, ó tún un wò. Ó sáré wọ bàtà, ó di ọ́fíìsì Alága.

“Ọlọ́lá Alága, Baba Ọjà...” ó gbàgbé ìyókù. “Sà, Mùrí ò fẹ́ lọ.”

“Ta ni ń jẹ́ Mùrí?” Alága kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Èṣùbíyìí, wò ó. Kí lo rí?”

Èṣùbíyìí wò ó. Ó rí ọkùnrin kan tó dì láwàní, tí etí abetí-ajá kan yọ lókè láwàní náà. Ó rí imú méjì, ọ̀kan níbi tí imú ń gbé, ìkejì lábẹ́ ojú. Lẹ́rẹ̀kẹ́, àbàjà ìbú mẹ́ta àti pélé òòró mẹ́ta dábùú ara wọn bí àwọ̀n apẹja. Ó rántí aya rẹ̀, ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀, ó rántí bí iṣẹ́ ṣe wọ́n tó.

“Ògo ni mo rí, sà.”

“Ògo báwo?”

“Ògo tí imú kan ò lè gbé, sà.”

“O gbọ́?” Alága juwọ́ sí Ṣàfíù. “Lọ lu ìyókù.”

Ọjọ́ ìtòsẹ́yìn pé. Alága ní kí Olúṣẹ́gun, tíṣà ọkọ Agnes, wá ka iye ẹni tó bá tò, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n kéde ìjagunmólú òun ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó jókòó sórí àga ńlá láàárín ọjà. Èṣùbíyìí pín mẹ́dàlì, wọ́n fi kọ́rùn, gbogbo ọjà dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mọ́ Alága. Ó rò pé ẹ̀rù ọlá ni. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó rí Agnes tó fi ìborùn bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. “Ẹ wò ó,” ó sọ fún Èṣùbíyìí, “ó ń sunkún.”

Agnes kò sunkún. Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ràn. Ó gba ọ̀dọ̀ eléélùbọ́ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta, Rájí alápatà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí awọ màlúù. Obìnrin ń yí mẹ́dàlì ara wọn wò bí ẹni ń yẹ ojú ọmọ tuntun wò.

“Imú wo lẹ fi ń mí, Alága?”

“Ṣé ìwo nìyí lórí ẹ, àbí etí?”

Ìyá Hàbíbátù kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àtàǹpàkò ló fi ń ka mẹ́dàlì náà, díẹ̀díẹ̀. “Àbàjà nìyí,” ó ní. “Ìbú mẹ́ta. Ó káre.” Àtàǹpàkò yí padà. “Pélé nìyí o. Òòró mẹ́ta, ó jìn dénú. Ha! Alága, ta ló kọ ilà Kuta fún yín?”

Ọjà tún dákẹ́. Èyí kì í ṣe èyí tó dùn mọ́ Alága.

Tíṣà Olúṣẹ́gun gba mẹ́dàlì, ó wò ó, ó sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidi, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bi àgbà léèrè. “Ẹ forí jì mí, sà. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni mò ń ṣe. Òfin yín ní ẹni tó bá ní ilà Kuta lẹ́rẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ alága. Ṣé ojú yín lèyí, àbí kì í ṣe ojú yín?”

Fátókun ya ẹnu. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n bi í léèrè nípa ara rẹ̀ kí ìdáhùn máà sí. Bó bá ní ojú òun ni, òun ti di ará Kuta, àga ti bọ́. Bó bá ní kì í ṣe ojú òun, òun ti fi fàdákà ọrùn àwọn obìnrin wọ̀nyí ya abàmì ọkùnrin onímú-méjì, wọ́n á sì béèrè fàdákà wọn lọ́wọ́ òun níbí yìí. Ó wo Èṣùbíyìí. Èṣùbíyìí ń wo sánmọ̀.

“Ojú mi ni!” ó pariwo. “Ṣùgbọ́n ilà tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tèmi!”

“Lẹ́rẹ̀kẹ́ ta ló wà, sà?” ni Rájí béèrè láti orí awọ.

“Wàláhì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni, àmọ́...”

“Ó tán,” ni Ìyá Hàbíbátù wí. “Òfin ti mú un.”

Alága di àga mú. Àga náà ń bọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó ń rí i. Ohun tí ó fi ọdún mẹ́ta kọ́, agbòòrùn, oyè gígùn, ìkúnlẹ̀ ìyá àti ìdọ̀bálẹ̀ bàbá, ni yóò lọ nítorí ilà mẹ́ta péré! Lẹ́ẹ̀kan náà ni ọgbọ́n dé sí i lórí, irú ọgbọ́n tí kì í dé sí ẹlòmíràn, Ọlọ́run má jẹ́ kó dé sí wa.

Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ gbọ́! Kí ló dé tí a fi ń fi ilà yẹ ara wa wò? Ṣé ẹran ni wá? Èmi Alága, mo fagi lé òfin ilà! Láti ìṣẹ́jú yìí lọ, ará Kuta, ará Olúpọ̀nnà, ẹni tó kọlà, ẹni tí kò kọ, ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́ alága!”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ,” ni Ìyá Hàbíbátù wí. “Etí àgbà ni.”

Ó tún un sọ, ó tilẹ̀ fi kún un pé títí ayé ni. Ó jókòó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti gba ara rẹ̀ là. Ìgbà tó rí i tí gbogbo obìnrin ọjà yí ẹ̀yìn padà lẹ́ẹ̀kan náà ni ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣe tó yé e.

“Mùrí dà?” ni wọ́n ń béèrè.

Mùrí wà nídìí aṣọ rẹ̀, ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà. “Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “mo ń wọn aṣọ.” Wọn kò gbọ́. Wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ níbi tó wà. Aláta tò, eléélùbọ́ tò, Rájí gbé awọ rẹ̀, ó lọ tò. Agnes kúrò lẹ́bàá kòtò pẹ̀lú agbọ̀n búrẹ́dì lórí. Wọ́n yí ìsọ̀ po, wọ́n gba abẹ́ igi, kò sí ẹni tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kejì.

“Sà,” ni Èṣùbíyìí wí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, “ẹ jẹ́ kí n lọ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, kí n wá jábọ̀ fún yín.” Ó lọ. Kò tíì wá jábọ̀.

Ó ku Fátókun lórí àga. Lójijì ó rí Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ tó yà kúrò láàárín èrò, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọkàn rẹ̀ sọ kúlú. Ẹnì kan péré! Ó na ọrùn rẹ̀ sóòkè bí èyí tó wà lára òǹtẹ̀. Fàsílátù dé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Tíṣà gbé ìka sókè láti kà á.

Fàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí i létí, ó rọra sọ̀rọ̀. “Bàbá Ṣẹ̀fíátù, ẹ dìde díẹ̀. Àga ìsọ̀ mi lẹ jókòó lé. Àwọn tó tò lọ́hùn-ún pọ̀, ẹsẹ̀ á dùn mí kó tó kàn mí.”

Fátókun dìde. Láti ọjọ́ tó ti di alága, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó dìde fún obìnrin nínú ọjà yẹn, kò sì sẹ́ni tó rí i. Gbogbo ojú ló wà lọ́dọ̀ Mùrí, tó ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọn ọ̀pá kan tó kù.